Orí Kọ́ Ló So Tíṣà Mọ́ Bọ́ọ̀dù

Bí tíṣà físíìsì kan ní Odígbó bá ní òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, wọn á ní àyànmọ́ ò gbóògùn, ohun tí orí rẹ̀ yàn ló ń ṣe. Onígbàgbọ́ á ní ìpè Ọlọ́run ni, á sì fi kún un pé èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run. Ṣé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni orí ń yàn fún èèyàn ni? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Àjàlá alámọ̀ tó ń mọ orí lọ́run, nínú odù Ifá Ogbègúndá, ni ọ̀pọ̀ gbójú lé. Nígbà tí wọ́n lọ yan orí lọ́dọ̀ rẹ̀, Oríṣèékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja kò yà nílé bàbá wọn láti béèrè; orí tó dán lójú tí kò jinná ni wọ́n gbé, òjò sì bà á jẹ́ kí wọ́n tó dáyé. Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà yà nílé bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá sì bá a mú èyí tó le. Kò síbi tí wọ́n ti so orí mọ́ iṣẹ́ kan nínú ìtàn yìí. Àjàlá ò mọ orí àgbẹ̀ lọ́tọ̀, kó mọ ti alágbẹ̀dẹ lọ́tọ̀. Èyí tó gba òjò àti èyí tí kò gbà á ló wà ńlé rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìbéèrè àti ẹbọ ló mú orí rere wá, ẹni tó jókòó tẹtẹrẹ tó ń pe ìjókòó rẹ̀ ní àyànmọ́ kò ṣe bí Àfùwàpẹ́. Ẹni tó kàn sá kúrò láìbéèrè náà kò ṣe bíi tirẹ̀.

Bíbélì pàápàá ò so ìpè mọ́ iṣẹ́ kan. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Máàkù 6:3 pe Jésù, ẹni tí wọ́n wá ń pè ní Olùkọ́. Pọ́ọ̀lù ń pàgọ́ tà, ó ń wàásù. Nítòsí wa níbí, Olúṣẹ́gun Agagu kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di mínísítà tó ń mójú tó iná mànàmáná, kó tó wá ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Òndó láti 2003. Ìmọ̀ tíṣà físíìsì náà kì í kú sọ́nà. Òòfà tó ń yí láàárín wáyà, tí tíṣà ń fi ẹfun yà sójú bọ́ọ̀dù, òun náà ló ń yí ní ilé iṣẹ́ mànàmáná Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ nítòsí Ore, tí gáàsì ń tì í.

Wọ́n á ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀kan sílẹ̀ kó tó lé èkejì kò lé méjì. Ọdún márùn-ún gbáko ni ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì, COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, sì ń bẹ níwájú; kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ kan ṣe. Àtakò tó wúwo ni ti ọmọ: ta ni yóò kọ́ wọn? Gbèsè yẹn wà lọ́rùn tíṣà lóòótọ́, àmọ́ ó níwọ̀n. Kó má fi kíláàsì WAEC sílẹ̀ láàárín táàmù, kó fa ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Ìyókù, ọrùn ìjọba ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí tíṣà dúró, kó sanwó rẹ̀ lásìkò. Kó yéé fi orí dẹ́rù bà á.