Ìwọ̀n Oúnjẹ, Ìwọ̀n Ènìyàn



Bí ènìyàn bá jí ní agogo márùn-ún òwúrọ̀ ní Lakowe lónìí, yóò rí ohun tí àwọn àgbà ìlú yìí kò rí nígbà èwe wọn: tọkùnrin tobìnrin ń sáré lẹ́bàá títì márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, kò sí ẹni tí ń lé wọn, wọn kò sì lé ẹnikẹ́ni. Àwọn baba ilẹ̀ yìí kò wá eré sá. Oko àti omi ọ̀sà ni ó ń lo ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ń jókòó fún wákàtí púpọ̀ nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀, a tún ń jókòó níbi iṣẹ́, a sì ń jẹ èbà alẹ́ bí ẹni tí ó roko láti òwúrọ̀. Nítorí náà ni ara fi ń wúwo, tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sì ń bá ọ̀pọ̀ ilé jà.

Èmi náà wà lára wọn. Nígbà tí dókítà sọ fún mi pé kí n dín ìwọ̀n ara mi kù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálórì nínú fóònù mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo lọ kí opó kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó ti se ìrẹsì àti ẹja dè mí. Mo wo fóònù, mo rí i pé iye tí mo yàn fún ọjọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo sì sọ pé n kò ní í jẹ nǹkan kan. Ìyá náà kò fèsì. Ó rọra fi ọmọrí dé àwo náà. Ní alẹ́, ìṣirò mi pé, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí. Ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò: nígbà wo ni kíka oúnjẹ jẹ́ ìwà ọgbọ́n, nígbà wo ni ó sì di ọ̀gá lé wa lórí?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fún ìṣirò náà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ìwọ̀n ooru ni kálórì: kálórì kan, bí a ti ń kà á nínú oúnjẹ, ni ooru tí ó lè mú kí kílò omi 1 gbóná sí i ní dígírì Celsius 1. Láti ọwọ́ Wilbur Atwater, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní ọdún 1907, ni a ti gba iye tí a ṣì ń lò: gíráàmù kan nínú èròjà afáralókun, irú èyí tí ó pọ̀ nínú gàrí àti ṣúgà, ń mú nǹkan bíi kálórì 4 wá, ti èròjà amáradàgbà jẹ́ 4 pẹ̀lú, ti ọ̀rá àti òróró jẹ́ 9. Ní ti eré, bí ẹni tí ó wúwo tó kílò 80 bá sáré kìlómítà 5, yóò ná nǹkan bíi kálórì 400. Epo pupa ṣíbí ńlá mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye náà. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní í tan ara rẹ̀ jẹ pé eré òwúrọ̀ kan ti san gbèsè àsè alẹ́. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ tipẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ẹlẹ́rìí rere ni iye, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ń ṣì sọ ni. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford dán ẹ̀rọ ìwọ́wọ́ 7 wò lára ènìyàn 60. Nípa kálórì tí ara ná, èyí tí ó sàn jù nínú wọn fi nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà. Èyí tí ó burú jù fi 93 ṣìnà. Kí ni kí á wá sọ nípa ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, tí ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan ní iye epo tí ó máa ń dà sí i?

Bí ìṣirò náà bá tilẹ̀ wá pé pérépéré ńkọ́? Ní ọdún 1944 sí 1945, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 36 tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ sójú ogun yọ̀ǹda ara wọn fún Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota, kí ó lè mọ bí a ó ṣe tọ́jú àwọn tí ebi ogun ti fọ́ lára. Fún oṣù mẹ́fà ni a fi ń wọn oúnjẹ fún wọn, nǹkan bíi kálórì 1,570 lóòjọ́, wọ́n sì ní láti rin nǹkan bíi kìlómítà 35 lọ́sẹ̀. Ara wọn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin fò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkàn wọn: oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, wọ́n ń ka ìwé nípa oúnjẹ sísè, wọ́n ń lá àwo. Àwọn tí ó jẹun kéré jù ni oúnjẹ gbà lọ́kàn jù.

Èyí kì í ṣe ohun titun sí Ìjọ. Gregory Mímọ́ Ńlá, Pápà tí ó kú ní ọdún 604, kọ́ni pé ọ̀nà márùn-ún ni wọ̀bìà ń gbà wọlé: jíjẹ kí àsìkò tó tó, wíwá oúnjẹ olówó ńlá, jíjẹ púpọ̀ jù, jíjẹ pẹ̀lú ìwánwára, àti ṣíṣe àṣàyàn àṣejù nípa bí a ó ti sè é. Nínú márààrún, ọ̀kan péré ni ó jẹ mọ́ ọ̀pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò jẹun púpọ̀ lè jẹ́ ẹrú oúnjẹ síbẹ̀.

Níbo wá ni ìwọ̀n tòótọ́ wà? Oúnjẹ gan-an ni Aristotle fi ṣàpẹẹrẹ. Ó ní bí òṣùwọ̀n mẹ́wàá bá pọ̀ jù, tí méjì sì kéré jù, olùkọ́ eré ìdárayá kò ní í torí èyí sọ pé kí gbogbo ènìyàn máa jẹ mẹ́fà. Nítorí mẹ́fà kéré fún Milo akanijàkadì, ó sì pọ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa sọ ọ́ ní kúkúrú: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ sì fetí sí ọ̀rọ̀ tiwa, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń gbọ́ “wọ̀n” nínú rẹ̀. Èmi gbọ́ ọ báyìí: ìwọ̀n kìíní ni ti oúnjẹ, fóònù lè ṣe é. Ìwọ̀n kejì ni ti ènìyàn: ta ni ń jẹun, ta ni ó bá a jókòó, kí ni ó sì ń torí rẹ̀ jẹ tàbí ṣíwọ́ jíjẹ? Ẹ̀rọ kò lè ṣe èyí fún wa.

Ẹnìkan lè wí pé: “Fádà, bí mo bá ń jẹ ìrẹsì gbogbo ẹni tí mo kí, n kò ní í pẹ́ kú.” Òtítọ́ ni. Alátọ̀gbẹ tí ń ka oúnjẹ rẹ̀ kí ó lè tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà kì í ṣe ẹrú. Ìfẹ́ ni ó ń kà. Bákan náà, òfin ààwẹ̀ Ìjọ, tí ó de àwọn tí ó ti pé ọdún 18 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 60, fàyè gba oúnjẹ àjẹyó kan àti kékeré méjì, kò ka gíráàmù fún wa. Ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn, ó sì fẹ́ kí ohun tí a fi du ara wa kan ẹni tí ebi ń pa lára. Ẹ̀bi mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe pé n kò jẹun. Ẹ̀bi mi ni pé fóònù ni mo kọ́kọ́ wò, n kò wo ojú ìyá náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo padà lọ, mo sì bẹ̀ ẹ́. Mo tọrọ ìrẹsì ṣíbí mẹ́ta. Ó bu márùn-ún. Mo jẹ ẹ́ tán, a sì sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sáré mi bí mo ti máa ń sá a.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó mọ iye irun orí wa, kọ́ wa ní ìwọ̀n méjèèjì. Àmín.