Òkò tó Gba Orí Ọ̀fà Kọjá

Lóru Kérésìmesì ọdún 2025, Amẹ́ríkà yin mísáìlì sí àwọn agbébọn ní Sókótó. Wọ́n tiẹ̀ gbé fídíò jáde, níbi tí ọ̀kan ti ń gbéra nínú ọkọ̀ ogun ojú omi. Ìjọba àpapọ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àfọ́kù já bọ́ sí Jabo ní Sókótó, àti sí Ọ̀fà, ní Kwara wa níbí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kú. A dúpẹ́. Àwa ará Ìlọrin ní ẹbí l'Ọ́fà.

Wọ́n ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ìbẹ̀rù ará ilé yìí ló ń di ọwọ́ olókò mú. Mísáìlì Tomahawk ń fò ju 1,500 kìlómítà lọ. Ará ilé wo ni ẹni tó wà lórí òkun ní l'Ọ́fà?

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o, a ò sunkún agbébọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn náà ni wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù, Kwara níbí, wọ́n pààyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn lọ. Ẹni tí wọ́n jí ìyá ẹ̀ gbé ò ní béèrè ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọba wa ní àwọn mọ̀ sí i, àwọn fọwọ́ sí i. Ó dáa. Ta ló wá yẹ kó kanlẹ̀kùn l'Ọ́fà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó ní, “Ẹ kú ewu o, kí ló bàjẹ́?” Ẹni tó ju òkò ti wà lókun. Ẹni tó fọwọ́ sí i ló kù.