Eegun Tí A Kò Rí
Bí àgbẹ̀ bá ń kọ ebè ní Akínyẹlé tàbí Lálúpọn, apá rẹ̀ ni a máa ń yìn. Bẹ́ẹ̀ eegun kéékèèké 8 ni ó wà nínú ọrùn-ọwọ́ kan, ní ìlà méjì. Mẹ́ta nínú ìlà tí ó súnmọ́ apá kò ní iṣan tí ń fà wọ́n. Àwọn eegun tí ó yí wọn ká ni ó ń tì wọ́n yí. Síbẹ̀, bí ìdè tí ó so wọ́n pọ̀ bá já, agbára ọwọ́ a dínkù. Ǹjẹ́ nítorí pé a kò rí wọn, iṣẹ́ kì í ṣe tiwọn bí? Alágbàṣe tí ó kọ ebè yín ńkọ́? Bí a bá yìn yín nítorí iṣu, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé.