Òru Tí Ọlọ́run Kọ Ẹ̀bẹ̀ Monica



Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó wọ ilé Ọlọ́run lónìí pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan tí ẹ ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹlòmíràn ń wá ọmọ. Ẹlòmíràn ń tọ́jú aláìsàn. Ọmọ ẹlòmíràn ti kọ ẹ̀yìn sí Mísà. Ẹ ti ka Rósárì, ẹ ti gba ààwẹ̀, ẹ ti tan àbẹ́là níwájú ère Ìyá wa, síbẹ̀ ó dàbí ẹni pé ọ̀run dákẹ́. Ẹ̀yin gan-an ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nípa obìnrin kan tí ó mọ irú ìrora bẹ́ẹ̀.

Ìlú Thagaste ni Monica Mímọ́ gbé, ní Àríwá Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlgéríà lónìí. Ní ọdún 354 ni ó bí Augustine. Ọmọ náà mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti ń dàgbà ni ó yà kúrò ní ọ̀nà ìgbàgbọ́ ìyá rẹ̀. Ó fi ara fún ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ó sì tẹ̀lé ẹ̀kọ́ òdì àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Mani fún bí ọdún 9. Ojoojúmọ́ ni Monica ń sunkún níwájú Ọlọ́run nítorí rẹ̀. Ó bẹ bíṣọ́ọ̀bù kan pé kí ó pe ọmọ náà, kí ó bá a wí. Bíṣọ́ọ̀bù náà kọ̀; ó ní kí ó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí ó má sì dẹ́kun àdúrà.

Ní ọdún 383, Augustine pinnu láti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Carthage lọ sí Róòmù. Monica tẹ̀lé e dé etí òkun, ó dì í mú, ó ní kí ó bá òun padà sílé tàbí kí òun bá a lọ. Augustine tàn án. Ó ní òun kàn fẹ́ sin ọ̀rẹ́ òun kan dé ìdí ọkọ̀ ni, ó sì rọ ìyá rẹ̀ kí ó sùn ní ilé àdúrà Cyprian Mímọ́ tí ó wà nítòsí. Monica fi òru náà gbàdúrà pẹ̀lú omijé. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń bẹ̀: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ òun lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ti lọ.

Ẹ fi ọ̀ràn yìí ro ara yín wò. Bí ẹnì kan bá bi ìyá náà léèrè ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn bóyá Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀, kí ni ì bá wí? Ṣùgbọ́n láti Róòmù ni Augustine ti dé Milan, níbẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ ìwàásù Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose. Ní òru ìṣọ́ Àjíǹde ọdún 387, Ambrose fúnra rẹ̀ ni ó rì í bọmi, ìyá rẹ̀, tí ó ti la òkun tọ̀ ọ́ lọ, sì wà láàyè láti rí ayọ̀ náà. Ọkọ̀ tí Monica bẹ Ọlọ́run pé kí ó dá dúró ni ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi tí ó ti rí ìgbàlà. Ọlọ́run kọ ẹ̀bẹ̀ òru kan, kí ó lè dáhùn ẹ̀bẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún. Augustine fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i nínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé, “Monica rí ìdáhùn tirẹ̀, ẹni tí èmi gbàdúrà fún ti kú, a sì ti sin ín.” Òótọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe wí fún ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Olúwa wa fúnra rẹ̀ gbàdúrà nínú ọgbà Getsemani kí ago ìyà ré òun kọjá, ago náà kò sì ré kọjá. Ta ni yóò wí pé ìgbàgbọ́ Jésù kéré? Baba kò mú ago náà kúrò, ṣùgbọ́n ó rán áńgẹ́lì láti fún un ní okun. Ìyà yẹn ni ó sì di ìgbàlà gbogbo wa. Nítorí náà, bí ohun tí a bèèrè kò bá tíì dé, ẹ bèèrè okun pẹ̀lú. A kì í fi í du ẹni tí ó bá bèèrè rẹ̀.

Ẹ má ṣe tìtorí pé ó pẹ́ lọ máa kan ilẹ̀kùn aláfọ̀ṣẹ lóru, lẹ́yìn tí ẹ ti gba Kómúníọ̀n Mímọ́ láàárọ̀. Níbi Mísà, nígbà tí àlùfáà bá gbé búrẹ́dì àti wáìnì sókè fún ìrúbọ, ẹ dárúkọ ẹ̀bẹ̀ yín nínú ọkàn, kí ẹ sì gbé e lé orí pẹpẹ pẹ̀lú wọn. Nígbà tí a bá sì ń ka Baba Wa, ẹ kíyè sí i pé Olúwa kọ́ wa láti bèèrè kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ, kí a tó bèèrè oúnjẹ òòjọ́ wa.

Ní ọdún 387 kan náà ni Monica kú ní Ostia, ní ilẹ̀ Ítálì, ẹni ọdún 55. Ó ti pẹ́ tí ó ti fẹ́ kí a sin òun sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ òun nílé. Ìyẹn pẹ̀lú kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò dà á láàmú mọ́. Ó ní ibikíbi ni kí wọ́n sin òun sí. Kìkì kí wọ́n máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa.

Monica Mímọ́, ìyá olómijé, gbàdúrà fún wa. Àmín.