Bíbẹ̀wò àti Bíbójútó Àwọn Ọmọ Òrukàn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó máa ń kó ìrẹsì, ọṣẹ àti aṣọ lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ òrukàn nígbà Kérésìmesì, tàbí ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 May. A ó kọrin, a ó gbàdúrà, a ó gbé ọmọ jó, a ó ya àwòrán, a ó sì padà sí ilé wa pẹ̀lú ayọ̀. Ìbéèrè wa ni pé, ta ni ó ni ayọ̀ náà?

A kò béèrè rẹ̀ láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó gbé àpò ìrẹsì kan lọ sí ilé tí ebi ń pa ti ṣe ohun rere, kí ó má sì ṣe jẹ́ kí àríwísí àwọn ahun dá a dúró. Ṣùgbọ́n nínú Episteli Jákọ́bù, níbi tí a gbé sọ ohun tí ìsìn mímọ́ jẹ́, àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa kò lo ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún àlejò tí ó yà kí ni tí ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Bíbójútó ni wọ́n pè é. Ẹni tí ń bójútó ọmọ ni ó mọ̀ pé kò jẹun tán lánàá, pé ikọ́ rẹ̀ ti di ọjọ́ mẹ́ta, pé ó ń bẹ̀rù òkùnkùn. Àlejò kò lè mọ ìwọ̀nyí, bí ó ti wù kí ọkàn rẹ̀ dára tó.

Ìlú Ìbàdàn ní àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1853, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, oníṣẹ́ C.M.S., wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ìjòyè kan fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́, àwọn ọmọ mìíràn sì dara pọ̀ mọ́ wọn nínú ilé náà. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, tí ọ̀nà òkun dí, tí owó kò sì dé mọ́, Anna ń ta ohun èlò ilé rẹ̀ kí àwọn ọmọ náà lè rí oúnjẹ jẹ. Ọdún 1869 ni ó tó fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, ó sì kú ní ọdún kejì. Àwa kò sọ pé gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó ìgbà náà ṣe ni ó tọ́. Yíya ọmọ kúrò nínú agbo ilé baba rẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kúdẹtì mọ ẹni tí ilẹ̀ yóò mọ́ bá lọ́dọ̀ wọn.

Èyí ha ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ ti fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn tí ìjọba Ceaușescu ṣubú ní Ròmáníà ní ọdún 1989, ayé rí i pé ọmọ tí ó ju 100,000 lọ ni a kó sínú ilé ìtọ́jú ìjọba ní ilẹ̀ náà. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2000, àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà tọ ipa ọmọ kékeré 136 ní ìlú Bucharest: wọ́n fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ àwọn alágbàtọ́ nínú ilé tiwọn, àwọn ìyókù sì wà bí a ti bá wọn. Oúnjẹ nìkan kọ́ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tí ó rí ẹnìkan náà lójoojúmọ́ ta àwọn yòókù yọ ní òye, ọkàn wọn sì balẹ̀ sí ẹni tí ń tọ́jú wọn, pàápàá àwọn tí a mú jáde kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tún wo ohun kan tí ó máa ń dùn mọ́ wa. Bí a bá ti wọlé, àwọn ọmọ a sáré wá dì mọ́ wa, a sì wí pé, “Ẹ wò bí wọ́n ti fẹ́ràn wa!” Ọmọ tí ó ní olùtọ́jú a máa kọ́kọ́ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí ó bá rí àlejò, yóò yọjú, yóò sì tún sá padà. Ọmọ tí ó bá ń dì mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó wọlé lè jẹ́ ọmọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dì mọ́ tí wọ́n sì ti fi sílẹ̀. Àwọn kan a máa fi òwe gba ara wọn sílẹ̀, pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n igba ènìyàn inú òwe náà kì í ṣe igba àlejò. Ará ilé ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó nira jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàkiri ayé, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń gbé irú ilé wọ̀nyí ni baba tàbí ìyá wọn wà láàyè. Òṣì ni ó lé wọn dé ibẹ̀. Ní Nepal àti Cambodia, a ti rí àwọn tí ó fi ìlérí èké gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, kí ilé wọn lè kún, kí àlejò láti òkèèrè lè máa mú owó wá. Nítorí irú èyí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi kìlọ̀ ní ọdún 2019 nípa ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni ní ilé ọmọ òrukàn. A kò fi èyí kan àwọn ìyá rere tí ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án àti lóru láàárín wa. Síbẹ̀ ó yẹ kí olùfúnni béèrè pé, ọmọ yìí ha ní ẹbí? Owó tí a fi se àsè ọjọ́ kan ha lè ran ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́ láti mú un padà sílé?

Olùkọ́ tí ó bá lè yọ̀ǹda wákàtí méjì ní gbogbo Sátidé, kí ó mú ọmọ mẹ́ta, kí ó máa kọ́ àwọn mẹ́ta náà ní ìwé àti ìṣirò, kí ó má sì pààrọ̀ wọn. Bí kò bá ní lè wá, kí ó sọ fún wọn ṣáájú. Ẹni tí kò ní ju ọjọ́ kan lọ ńkọ́? Kí ó má ṣe gbé ọmọ jó. Kí ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùnlé, kí ó fọ aṣọ, kí ó pọnmi, kí ó fọ ìkòkò, kí ìyá tí ń tọ́jú wọn lè rí àyè jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.