Ta Ni Ó Ń Yan Èdè Kọ̀ǹpútà?

Bí àwọn baba wa ti wí pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, ọ̀dọ́ Odò-Ẹrẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà tí ó fẹ́ kọ́ èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun nìkan ni ó ń yàn, tàbí àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́ náà ń bá a yàn.

Èdè Python, tí Guido van Rossum ará Holland gbé jáde ní 1991, kò yára tó èdè C tí Dennis Ritchie ṣẹ̀dá ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, nítorí pé kíkà rẹ̀ rọrùn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé sì ti kó irinṣẹ́ jọ sínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni mo rí pé ó yẹ ẹni tí yóò ṣírò èrè oko tàbí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Àwọn kan ń wí pé ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ̀pọ̀ èrò ti sọ òmìnira rẹ̀ nù. Èmi kò gbà, nítorí orí, bí ó ti wù kí ó sunwọ̀n tó, kì í rìn láìsí ẹsẹ̀, àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin ọmọ Yàgbà, kí ẹ tó mú èdè kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ará ìlú yín nílò.