Olùfẹ́ Ẹ̀rọ àti Owó Oṣooṣù

Ṣé ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ tọkàntọkàn lè wà láìsan owó oṣooṣù fún amóhùnmáwòrán, kí ìfẹ́ rẹ̀ má sì di irọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn pé kò ṣeé ṣe. Lójú wọn, ẹni tí ó lè tú asọ̀rọ̀mágbèsì palẹ̀ kí ó sì tún un tò, àwo sátẹ́láìtì tirẹ̀ ni ó yẹ kí ó tóbi jù ní àdúgbò. Bí kò bá ní in, ahun ni. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ ń ka rírà sí mímọ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ẹni tí ó bá ti ní ẹ̀rọ àti eríálì, àwòrán dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ti sátẹ́láìtì olówó yàtọ̀. Òkè réré ni sátẹ́láìtì dúró sí, ó tó 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀. Ohun tí ó ń rán wá sì ń bọ́ sórí òrùlé ẹni tí ó sanwó àti ti ẹni tí kò san, bí òjò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dí àwòrán náà lójú. Káàdì kékeré inú dikódà ni ó ń là á. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n ń tà lóṣooṣù, kọ́kọ́rọ́ ni. Bí oṣù bá parí tí owó kò wọlé, ara ẹ̀rọ le koko, ilẹ̀kùn ni ó tì.

Èyí gan-an ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ìwà. Olùfẹ́ ẹ̀rọ mọ bí àgádágodo náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì lè mọ ẹni tí ń ta kọ́kọ́rọ́ èké. Bí ó bá fi ìmọ̀ yìí jí àwòrán wò, olè ni ó jà. Àwíjàre pé orí òrùlé òun ni ó bọ́ sí kò tó. Ẹni tí ó lè ṣí i tí kò sì ṣí i ni ó ń gbé láìsí i ní tòótọ́. Ó sì ku àwọn ìkànnì tí kò ní àgádágodo. Kí ènìyàn máa yí àwo díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán yóò fi mọ́ kedere, adùn wà nínú ìyẹn tí ẹni tí ó kàn sanwó kò lè mọ̀.

Ìfẹ́ ẹ̀rọ àti ìfẹ́ ohun tí ó ń gbé wá kì í ṣe ọ̀kan náà. Philo Farnsworth, ará Amẹ́ríkà, ni ó fi ẹ̀rọ tí kò ní àwo tí ń yí bí ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ gbé àwòrán kọjá ní San Francisco ní ọdún 1927, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 21. Ìlà kan ṣoṣo ni àwòrán náà. Ọmọ rẹ̀ Kent sọ lẹ́yìn náà pé baba àwọn kò fẹ́ kí àwọn máa wò ó nílé, nítorí kò rí ohun tí ó níláárí nínú rẹ̀. Ènìyàn lè rò pé ó kórìíra iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 1969, nígbà tí àwòrán àwọn tí ń rìn nínú òṣùpá dé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé èyí ti san gbogbo làálàá òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé Kent kọ́ ni ó yan ohun tí baba rẹ̀ yàn. Àwẹ̀ tí ènìyàn gbà fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ebi tí a fi pa á. Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àná ní ilé ìwé, tí òun dákẹ́ bí àlejò, kí ni ìfẹ́ tí baba rẹ̀ ní sí wáyà ṣe fún un? Bí baba bá sì fi owó tí ó ṣẹ́kù ra irin tí a fi ń jó wáyà mọ́ra àti ẹ̀yà ẹ̀rọ tí òun nìkan ń fọwọ́ kàn, ìgbádùn ara rẹ̀ ni ó kàn pààrọ̀. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ṣùgbọ́n bí ó bá pe ọmọ náà kí ó wá bá òun di àwo mú, tí ó sì fi hàn án ìdí tí àwòrán fi ń sá nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gidigidi, àwọn méjèèjì ti jọ pín in. Bí ọjọ́ bọ́ọ̀lù bá wá dé, tí ọmọ náà tọrọ owó láti lọ wò ó ní ilé ìworan, kí baba ki ọwọ́ bọ àpò, kí ó má sì rò pé òun ti yẹ ọ̀rọ̀ ara òun.